Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀dà Tuntun Wó Ilé Onílé: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí nínú bọ́ọ̀sì láàárín Ìbàfò àti Mowé, lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ ṣe ìsìn ní Kámpù ti dí ọ̀nà mọ́ ọ níwájú, tó tún dí i mọ́ ọ lẹ́yìn, mo kí ọ kú ìjókòó. Ó ṣì kù díẹ̀ kí o tó délé. Jẹ́ kí n fi àsìkò yìí kọ́ ọ níṣẹ́ kan.

Iṣẹ́ náà kò le. O ní kóòdù kan tí o kọ nígbà tí ojú rẹ kò tíì là dáadáa. O gbé e sí gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ní kí ẹni tó bá wù mú un, kí ó lò ó, kí ó tú u wò, kí ó tún un ṣe, láì san kọ́bọ̀. Open source là ń pe irú rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn èèyàn ń mú un lò. Ní báyìí o ti gbọ́n díẹ̀, bí o bá sì tún kóòdù ọ̀hún kà, ojú á tì ọ́: orúkọ tí o sọ èyí kò dára, ọ̀nà tí o gbà ṣe tọ̀hún wọ́. O fẹ́ tún un kọ. Kò burú, kóòdù tí kò bá yí padà mọ́, ó ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi kóòdù rẹ ṣe òpó ilé wọn ńkọ́? Ọlọ́gbọ́n á dúró níbẹ̀, á máa họrí. Ìwọ kì í ṣe ọlọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gbà pé ẹni tí o kò rí, kò sí.

Lọ wo iye ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún kóòdù rẹ lórí GitHub níbi tí o gbé e sí. Mẹ́rìnlá. Sọ fún ara rẹ pé èèyàn mẹ́rìnlá ló ń lò ó, àti pé méjìlá nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n, wọ́n kàn fẹ́ mú inú rẹ dùn ni. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Hyrum Wright, tó ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Google. Ó kíyè sí i pé bí àwọn tó ń lo nǹkan rẹ bá ti pọ̀ tó, ohunkóhun tí nǹkan náà bá ń ṣe, ìbáà jẹ́ èyí tí o pinnu tàbí èyí tó kàn ṣèèṣì, ẹnì kan á wà níbì kan tó ti gbára lé e. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di òfin, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe òfin náà. Rẹ́rìn-ín sí i, kí o máa bá iṣẹ́ lọ.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kóòdù kékeré kan tó ń bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ó wúlò, nítorí bí ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo bá wọ inú SMS, lẹ́tà 160 tí owó ẹyọ kan ń gbé á já sí 70, owó sì lè di ìlọ́po. O fi "Bọ́lá" sínú kóòdù mi, "Bola" á jáde. Àmọ́ mo ti ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀: àlàfo kan a máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó bá jáde. Ojú kì í rí àlàfo, n kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí i, mo yọ ọ́, mo sì sùn bí ẹni tó ṣe rere.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n kan fi pè mí láti Ìfọ̀. Òun ló ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi SMS ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí owó wọn bá ti wọlé.

"Àbúrò, ta ló ń jẹ́ Bol?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Ta ló ń jẹ́ Adebay? Ta ló ń jẹ́ Folak? Màmá kan jókòó síwájú mi báyìí, wọ́n ní àwọn kọ́ ni Folak, wọ́n ní ta la gbé owó àwọn fún."

Ẹ̀gbọ́n ti rí àlàfo mi tipẹ́. Wọn kò bi mí léèrè, wọ́n kàn kọ ìlà kan tó ń gé ohunkóhun tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ dànù. Nígbà tí àlàfo lọ, lára orúkọ ni ìlà náà wá ń gé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àṣìṣe ni mo tún ṣe."

Wọ́n ní, "Àṣìṣe yẹn la fi ń jẹun níbí."

Ìgbésẹ̀ kejì: hú ọ̀nà àtijọ́ kí o tó la tuntun.

Ìfọ̀ la ṣì wà, jẹ́ ká wo ojú irin. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn, Ìfọ̀ ló sì gbà kọjá. Ìfọ̀ tilẹ̀ di oríta nígbà tí wọ́n tún ya ẹ̀ka kan lọ sí ọ̀nà Ìláròó títí dé Ìdógò. Mílímítà 1067 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ní oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun, èyí tó dúró ní Kájọlà kí ó tó forí lé Abẹ́òkúta, mílímítà 1435 sì ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ jẹ́ 368, ó fi díẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, síbẹ̀ ọkọ̀ tó bá mọ ti àtijọ́ kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ tuntun láéláé.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò fẹ ti àtijọ́. Wọ́n tẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ná wọn lówó, ilẹ̀ tó lọ sí i pọ̀, ẹni tó ní ojú irin méjì, ìtọ́jú méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Òmùgọ̀ ì bá ti mọ ohun tí yóò ṣe: á jí lóru ọjọ́ Àìkú, á hú irin 1067 tán, á tẹ́ 1435 sójú ibẹ̀ kan náà, á sì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé inú òun dùn láti kéde ẹ̀dà tuntun. Bí ọkọ̀ bá wá dojú dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á ní ṣé awakọ̀ kò ka ìwé tó wà lára ògiri ni.

Àwọn tó ni Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, kò ṣe tó yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ ojú irin méjì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2008 ni wọ́n gbé Python 3 jáde, ọ̀pọ̀ kóòdù tí a kọ fún Python 2 kò sì lè sáré lórí rẹ̀ láì jẹ́ pé a tún un ṣe. Wọ́n ní Python 2 á kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2015. Àwọn èèyàn kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n sún un di ọjọ́ kìíní 2020. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni aráyé fi ń gbé èyí lọ́wọ́ ọ̀tún, tí wọ́n ń gbé ìyẹn lọ́wọ́ òsì, tí wọ́n ń bú àwọn tó ṣe é.

Èmi ò bú wọn ní tèmi. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí o bá béèrè lọ́wọ́ Python 2 pé mélòó ni lẹ́tà tó wà nínú "ọ̀", á dá ọ lóhùn pé márùn-ún. Márùn-ún! Báìtì, ìyẹn ègé tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ló ń kà. Python 3 á ní méjì: ọ, àti àmì tó gùn ún lórí. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá ẹni tó sọ pé méjì jókòó sọ̀rọ̀. Nǹkan tó bá ti wọ́ láti ìpìlẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà míì ju kí a san gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ti òmùgọ̀ kejì ni. Òun ni ẹni tó búra pé òun kò ní yí nǹkan kan padà títí ayé.

Ọ̀rọ̀ Linus Torvalds ló máa ń gbé kiri. Linus, ọmọ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1991, ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: bí àyípadà nínú kernel, ìyẹn ọkàn ètò náà, bá ba sọ́fítíwià tí aráàlú ń lò jẹ́, kernel ló jẹ̀bi, ibi yòówù kí àṣìṣe ti wá. Òmùgọ̀ gbọ́ èyí, ó di ọwọ́ mọ́ra, ó jókòó. Kò gbọ́ apá kejì: inú Linux fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń yí i bó ṣe wù wọ́n, wọn kì í tọrọ gáfárà. Ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé ni wọn kì í ṣí kúrò.

Bí o bá fẹ́ mọ bí ẹnu ọ̀nà tí kò ṣe é ṣí kúrò ṣe máa ń rí, àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kó sọ fún ọ. Gbogbo lẹ́tà tó wà lórí fóònù rẹ ló ní nọ́ńbà nínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. "ọ" náà ní tirẹ̀, 1ECD. Láàárín àwọn lẹ́tà tí àwọn ará Vietnam náà ń lò ni méjèèjì wà. Ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà. "ọ̀" kò ní. "Ẹ" àti àmì rẹ̀ ni kí o tò pọ̀ kí ó tó di odidi. Kí ló dé tí wọn kò fún un ní tirẹ̀? Ní 2001 ni wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà: ètò bí lẹ́tà àti àmì ṣe ń dì pọ̀ di ẹyọ kan kò ní yí padà mọ́, lẹ́tà alámì tí a bá ti lè fi ẹyọ-ẹyọ tò kò sì ní rí nọ́ńbà tuntun gbà mọ́. Àwọn tó tètè dé ti gba tiwọn. Àwa ṣì wà lọ́nà.

Ibi tó ti wá ń dunni nìyí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kọ "ẹ́": o lè mú ẹ kí o fi àmì òkè sí i, o lè mú é kí o fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, o sì lè mú e lásán kí o kó méjèèjì lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ "Fọlákẹ́" sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ alájẹṣẹ́kù lọ́nà kan, o wá a lọ́nà kejì, kọ̀ǹpútà á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ tó ń wò ọ́. Unicode fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní bí a ṣe ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di irú kan kí a tó fi wọ́n wéra. Nítorí náà, òmùgọ̀, má ṣe é. Fi wọ́n wéra bí wọ́n ṣe wà. Bí o bá tún rí ẹni tó ń fi ìlà òòró dípò àmì róbótó kékeré sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, inú rẹ á dùn sí i, torí ìyẹn jẹ́ ọ̀nà kẹrin tí ètò wọn pàápàá kì í sọ di irú kan náà.

Ó dùn mí, mo sì gbà fún wọn. Ká ní wọ́n ṣílẹ̀kùn lónìí, tí wọ́n fún "ẹ́" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ohun tí a ti kọ láti ogún ọdún ó lé á wà ní ọ̀nà mẹ́ta, ohun tí a bá ń kọ lọ á wà ní ọ̀nà tuntun, fóònù àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá wa ní Ìfọ̀ á sì máa fi àpótí òfìfo hàn wọ́n. Ojú irin mìíràn nìyẹn á jẹ́.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún wa rí, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn". Àwọn ọmọ ilé ìwé yí padà. Bíbélì tí ọ̀pọ̀ àgbà ń gbé lọ sí Kámpù kò yí padà, "enia" ló ṣì wà níbẹ̀. "Shagamu" àti "Otta" ṣì wà lára pátákó ojú títì, kò sì sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí o bá ti yí gbogbo nǹkan padà tán, pè é ní ẹ̀dà 1.4.3, kí o kọ "àtúnṣe kékeré" sábẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ti fara mọ́ ọn pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń kìlọ̀ pé ewu ń bọ̀, kí ló dé tí o fi máa kìlọ̀ fún wọn?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí inú bá bí ọ, di ẹrù rẹ kí o lọ. Ní oṣù Kẹta 2016, Azer Koçulu bá ilé iṣẹ́ kan jà lórí orúkọ, ó sì kó gbogbo kóòdù rẹ̀ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń mú kóòdù ara wọn lò. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ left-pad. Ìlà mọ́kànlá péré ni, kò sì ní iṣẹ́ míì ju pé kí ó máa fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀ títí á fi gùn tó bí a ṣe fẹ́. Iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rí pé àwọn ní left-pad nílé. Àlàfo ṣáá! Ohun tó bá wà láàárín èmi àti àlàfo, àwọn àgbà ló lè bá wa dá sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà kò sí. PHP, èdè kóòdù mìíràn, náà fo ẹ̀dà 6. Wọ́n fẹ́ ki Unicode bọ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹrù náà wúwo jù, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, láti 5 ni wọ́n sì bọ́ sí 7 ní 2015. Bí àwọn bá lè fò, èmi náà lè fò.

Ìgbésẹ̀ keje: yan àpótí kékeré, kí o sì gbà lọ́kàn pé o kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kún.

Mítà tí à ń sanwó fún kí a tó lo iná, ìyẹn èyí tó wà lára ògiri rẹ ní Mowé, ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní STS ló ń tẹ̀ lé. Gúúsù Áfíríkà ni ìlànà náà ti wá. Inú tókìn kọ̀ọ̀kan tí o bá rà ni wọ́n ti kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n tà á sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú náà bọ̀, kí mítà lè mọ èyí tí o ti lò rí. Àpótí tí wọ́n ń kó òǹkà náà sí kò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ó dà bí ẹni pé kò ní kún láéláé. Ó kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024.

Ká ní òmùgọ̀ ló ṣe ìlànà yẹn, lọ́jọ́ náà, gbogbo tókìn tuntun á dà bí èyí tó ti gbó lójú mítà, á kọ̀ ọ́, a ó sì máa wá ẹni tó máa lọ tú mítà láti ojúlé dé ojúlé, láti Mowé dé Ìfọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ nínú ìlànà náà fún pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Tókìn méjì, onínọ́ńbà ogún-ogún, ni kí onílé tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mítà á gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, òǹkà á sì bẹ̀rẹ̀ láti 2014. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ìdè kan lára rẹ̀.

Nínú ilé tí mò ń gbé, láńlọ́ọ̀dù ló di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ń dúró, wọ́n ń ní, "Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?" Èkíní wọlé. Èkejì wọlé. Yúníìtì tó wà nínú mítà kò kúrò níbẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ.

Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn wá mú ìwé kan jáde. Wọ́n ti ra iná ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tọ́jú rẹ̀ de òpin oṣù. A tẹ̀ ẹ́. Mítà kọ̀ ọ́. A tún un tẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti tókìn yẹn kò sí nínú mítà mọ́.

Láńlọ́ọ̀dù ní, "Ìyá Ìbejì, wọ́n ṣáà ti ń kéde rẹ̀ tipẹ́, pé kí a tẹ gbogbo èyí tí a bá ní nílẹ̀ tán ká tó pààrọ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo rò pé àwọn tó ń jí iná lò ni wọ́n ń bá wí."

Òmùgọ̀, há èyí sórí. Ìwọ á kéde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á rò pé ẹlòmíràn lò ń bá wí. Nítorí náà má ṣe kéde rárá, fi agbára rẹ pamọ́. (Wo NÉPÀ, iléeṣẹ́ iná àtijọ́: ó ti kú láti 2005, PHCN ló gba ipò rẹ̀, wọ́n sì ti pín ìyẹn náà tà ní 2013, ṣùgbọ́n bí iná bá dé ní Ìbàfò lálẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ṣì máa pariwo.)

Ó ku ìgbésẹ̀ kan, mo ti fi ara mi dán an wò: bí o bá ti wó ilé onílé, sáré lọ tún un kọ́ lóru, má sì jí onílé kí o bi í. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n Ìfọ̀ pè mí, mo dá àlàfo náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo gbé ẹ̀dà tuntun jáde, mo sùn. Fóònù ló jí mi láàárọ̀.

"Àbúrò, mo ti yọ ìlà tó ń gé e kúrò láti àná. Màmá Fọlákẹ́ ti rí SMS tuntun. Wọ́n ní ààyè kan wà láàárín orúkọ àwọn àti kọ́mà, wọ́n ní ta la fi sílẹ̀ dè."